Mo Bá Ọlọ́run Jà, Mi Ò Fi Í Sílẹ̀

Ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà kò lè ní irú ìṣòro tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí àìsàn bá dé bá a, àìsàn náà nìkan ni yóò bá wọ̀yá ìjà. Àwa tí a gbàgbọ́ ni ẹrù wa máa ń di méjì: ìyà tó ń jẹ wá, àti ìbéèrè pé níbo ni Bàbá tí à ń ké pè wà nígbà tí ìyà náà ń jẹ wá. Èkejì yìí ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Dókítà lè sọ ibi tí àìsàn dé fún ọ, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ ọ.

Ọkọ mi ló ṣàìsàn. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì di dandan kí ẹ̀rọ máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gbọọrọ méjì lápá, omi tó ń wọn kó tó mu, àti àárẹ̀ tí kò tíì kúrò lára kí ọjọ́ mìíràn tún tó pé. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn tó ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò tíì ṣe é, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀rẹ̀, kò ṣe mí rárá bíi pé Ọlọ́run fi wá sílẹ̀. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà, àwọn alàgbà wá fi òróró kùn ún lórí gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù 5:14 ṣe wí, orin sì ń jáde lẹ́nu mi láìronú. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé èmi ni mò ń tu àwọn tó wá tù wá nínú nínú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ìgbàgbọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ ọdún kejì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ò gbèrò nílé wa. Nígbà tó di ohun ojoojúmọ́, tí fóònù ò dún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n yọ orúkọ ọkọ mi kúrò lára àwọn tí wọ́n ń kà sókè fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Kò dé lọ́jọ́ kan. Màá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á jáde, ṣùgbọ́n á máa ṣe mí bíi pé èmi nìkan ló wà nínú yàrá. Màá ṣí Bíbélì sí ìlérí tí mo ti fàlà sí nídìí nígbà kan rí, mi ò ní rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn èèyàn á gbé ọwọ́ sókè, omi á máa bọ́ lójú wọn, èmi á máa ka ìlà tó kù kí orin náà parí. Àsìkò ìjẹ́rìí ló wá le jù. Ẹnì kan á bọ́ síwájú, á ní ibà gbé òun dè lálẹ́, òun gbàdúrà, kílẹ̀ tó mọ́ ibà ti fò lọ. Gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́. Èmi náà á pàtẹ́wọ́, màá sì máa sọ nínú mi pé: Olúwa, O ráyè gbọ́ ti ibà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn létí. Mo sọ ọ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí lè mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rò ó. Ẹni tó kọ Orin Dáfídì 13 bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ẹsẹ méjì péré pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tó kọ Ẹkún Jeremáyà sọ ní orí kẹta, ẹsẹ kẹjọ, pé nígbà tí òun ń ké tí òun ń bẹ̀bẹ̀, ńṣe ni Ọlọ́run sé àdúrà òun mọ́ òde. Kì í ṣe kèfèrí ló kọ ìyẹn. Inú Bíbélì ló wà, a sì ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lábẹ́ apá.

Àìsàn kì í ṣaláìní àlàyé, àwọn alálàyé sì pọ̀. Ẹnì kan ní ká wádìí ara wa wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí a kò tíì jẹ́wọ́. Ẹlòmíràn ní ìgbàgbọ́ wa ló kéré. Ẹnì kẹta, tó fẹ́ràn wa dénú, ní Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tó ju agbára ẹni lọ léni lórí. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ rò pé ẹsẹ Bíbélì ni. Kò sí níbẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 10:13 tí wọ́n máa ń fà yọ, ọ̀rọ̀ ìdánwò tó ń fani sínú ẹ̀ṣẹ̀ ló ń sọ, nítorí ìbọ̀rìṣà àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù ni Pọ́ọ̀lù ń sọ bọ̀ kó tó débẹ̀. Pọ́ọ̀lù kan náà yìí ló sọ nínú 2 Kọ́ríńtì 1:8 pé ìpọ́njú tó bá àwọn ní Éṣíà wúwo ju agbára àwọn lọ, tó fi jẹ́ pé ìrètí àtiwà láàyè gan-an ti pin lójú àwọn. Bí àpọ́sítélì bá lè sọ pé ẹrù náà ju agbára òun lọ, ta ni mí tí màá máa díbọ́n pé tèmi fúyẹ́?

Ìwé Jóòbù ni mo wá sá lọ. Mo ti kà á rí, bí gbogbo wa ṣe ń kà á: orí méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èèyàn á fò lọ síbi tí ohun gbogbo ti padà ní ìlọ́po méjì. Nígbà yìí mo ka orí méjèèjìlélógójì láìfo ọ̀kan. Ohun tí mo rí ni pé Élífásì, Bílídádì àti Sófárì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbọ́ pé ọ̀rẹ́ wọn wà nínú wàhálà, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sunkún, wọ́n sì jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí wọ́n rí i pé ìrora náà pọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn tó dára tó o. Ìgbà tí wọ́n lanu sọ̀rọ̀ ni ìjà dé.

Ohun tí wọ́n sọ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Élífásì sọ ohun kan ní orí karùn-ún, ẹsẹ kẹtàlá, pé Ọlọ́run a máa mú àwọn ọlọ́gbọ́n nínú àrékérekè wọn. Pọ́ọ̀lù fa gbólóhùn yẹn yọ nínú 1 Kọ́ríńtì 3:19 gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ tó tó láti wọnú lẹ́tà àpọ́sítélì ni wọ́n ń sọ sí Jóòbù létí, síbẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run dájọ́ ní orí ìkẹyìn, ó ní inú òun ru sí Élífásì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì nítorí wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun gẹ́gẹ́ bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun. Jóòbù wo? Jóòbù tó ní ọfà Olódùmarè wà nínú òun, tó ní Ọlọ́run ti bi òun ṣubú, tó ń bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́ fún orí bíi mélòó kan. Àwọn tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí. Ẹni tó ń pè é lẹ́jọ́ ló dá láre. Lóòótọ́ ó fi ìbéèrè pá Jóòbù lẹ́nu mọ́ láti orí 38 sí 41, Jóòbù sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tó ti ṣàlàyé ìdí tí ìyà náà fi jẹ ẹ́. Kò sí. Àwa tí à ń kàwé la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́run ní orí kìíní àti ìkejì. Kò sí ẹsẹ kankan tó ní Jóòbù gbọ́ ọ rí.

Ìyẹn ló tú mi sílẹ̀. Mo ti ń wá ìdí kiri, mo sì rò pé àìrí ìdí ni àmì pé Ọlọ́run ti gbàgbé mi. Bí Jóòbù bá kú láìmọ̀ ìdí, tí Ọlọ́run sì ń pè é ní ìránṣẹ́ mi, á jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ èèyàn sílẹ̀.

Jésù fúnra rẹ̀ ni mo tún yẹ̀ wò. Ní Gẹtisémánì, ó mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù dání, ó ní ọkàn òun bàjẹ́ títí dé ojú ikú, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Oorun ni wọ́n sùn. Ó gba àdúrà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ago náà kò kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé àdúrà tí kò gbà jẹ́ àmì pé ìgbàgbọ́ kò sí, ẹ rán an lọ sí Mátíù 26. Lórí àgbélébùú, lẹ́yìn òkùnkùn tó ṣú láti ọ̀sán gangan títí di nǹkan bí aago mẹ́ta, ó kígbe pé: “Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?” Ọ̀rọ̀ méje ni àwọn ìwé ìhìn rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ròyìn pé ó sọ níbẹ̀. Nínú méjèèje, ẹyọ kan yìí ni Mátíù àti Máàkù kọ sílẹ̀, wọn ò kọ òmíràn.

Àwọn oníwàásù kan máa ń yára sọ pé Orin Dáfídì 22 ló ń kà, pé orin náà sì parí sí ìyìn. Òótọ́ ni. Ẹsẹ kẹrìnlélógún níbẹ̀ sọ pé Ọlọ́run kò fi ojú rẹ̀ pamọ́ fún olùpọ́njú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ àkọ́kọ́ ló kígbe. Mo gbà pé ìyìn wà níwájú nínú orin náà. Ohun tí mi ò gbà ni ká fi ìyìn náà bo igbe mọ́lẹ̀, bí ẹni ń bo ọ̀ràn. Ohun tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ẹni tó kọjú sí. Àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ ń wò ó láti òkèèrè. Kò bá ọ̀kankan nínú wọn sọ ọ́. Ọlọ́run tó ní ó kọ òun sílẹ̀ náà ló ń bi.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń gbàdúrà padà. Mo dẹ́kun àdúrà tó mọ́ tónítóní. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti ọkọ mi lórí àga nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, mo sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé: Olúwa, inú ń bí mi sí Ọ. Mo ti bẹ̀ Ọ́, O dákẹ́. O lè wò ó sàn, O ò wò ó sàn. Kí ni mo ṣe fún Ọ? Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ti ń ròkè. Ọkọ mi la ojú kan.

“Ta lẹ̀ ń bá jà?”

Mo ní, “Ọlọ́run ni.”

Ó pa ojú náà dé padà. “Ẹ máa jà lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì rọra o, mo fẹ́ sùn.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì wá wò wá. Bó ṣe rí nìyẹn: òun tó ń ṣàìsàn ní àlàáfíà tí èmi tí ara mi le kò ní. Mi ò mọ ibi tó ti rí i. Mo bi í rí, ó ní òun náà ò mọ̀.

Lára ohun tí mo kọ́, èyí tó kéré jù lójú ẹ̀mí ló ṣe mí láǹfààní jù: mo kọ́ láti sùn. Èlíjà ló kọ́ mi. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, ọkùnrin tó pe iná sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì sá fún Jésébẹ́lì, ó wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní ó tó, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ àwa ni, ìwàásù lá ó fi pàdé rẹ̀. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní: dìde, jẹun. Àkàrà wà níbẹ̀ lórí ẹyín iná, omi sì wà nínú ìkòkò. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn. Ó di ẹ̀yìn ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù kí Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Oúnjẹ àti oorun lẹ́ẹ̀mejì ló ṣáájú ìbéèrè.

Nọ́ọ̀sì kan ló lé mi lọ sílé. Ó ní, “Mà, ojú yín ti pọ́n jù, ẹ lọ sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wọn la máa tẹ́ fún yín.” Àbúrò mi gbà mí sípò fún òru mélòó kan. Nígbà tí mo fi máa jí, Ọlọ́run kò tíì sọ nǹkan kan, kíndìnrín ọkọ mi kò tíì sàn, ṣùgbọ́n ayé ti fẹ̀ díẹ̀ sí i. Apá kan nínú ohun tí mò ń pè ní Ọlọ́run kọ̀ mí sílẹ̀, àìsùn ni. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni o. Apá kan ni mo wí.

Bákan náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn. William Cowper, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1731, òun ló kọ orin tí à ń kọ títí dòní pé ọ̀nà àrà ni Ọlọ́run ń gbà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Newton jọ kọ àwọn orin ìsìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1779. Ẹni tó kọ orin tó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró yìí gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Láti 1773 ni ó ti dá a lójú pé Ọlọ́run ti ta òun nù, kò sì bọ́ lọ́wọ́ èrò yẹn títí ó fi kú ní 1800. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá ní Kristẹni tòótọ́ kì í rẹ̀wẹ̀sì. Ọkàn lè ṣàìsàn bí kíndìnrín ṣe lè ṣàìsàn, dókítà wà fún èkínní bó ṣe wà fún èkejì, lílọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé Olúwa. Ẹni tí èrò àtikú bá ń wá sí lọ́kàn, kó má fi àdúrà nìkan dá a ṣe. Kó sọ fún ẹnì kan lónìí.

Màmá Teresa náà wà ńbẹ̀. Nígbà tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 2007, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni ọkàn rẹ̀ fi wà nínú òkùnkùn, tí kò fi gbúròó Ọlọ́run tó ń torí rẹ̀ tọ́jú àwọn tó ń kú lọ. Àwọn kan ní àgàbàgebè ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn tó sì ń sin Ọlọ́run ṣe dáadáa. Ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo tó ṣì ń jí láàárọ̀ lọ wẹ egbò fún aláìsàn, ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín, ẹ má ṣáà pè é ní àgàbàgebè.

Ìgbà kan tún wá dé tí mi ò lè gbàdúrà rárá, ìjà gan-an ò ṣeé jà mọ́. Mo sọ fún màmá kan nínú ìjọ wa, mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Màmá ní, “Má gbà á. Èmi á máa gbà á. Bí ara rẹ bá ti yá, o máa dara pọ̀ mọ́ mi.” Ó sì ṣe é. Ó máa ń wá, á fọ abọ́ tó bá wà nílẹ̀, á jókòó, á gbàdúrà tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, á lọ. Kò bi mí rí bóyá ìgbàgbọ́ mi ti padà dé. Nígbà tí mo ka Máàkù 2 lẹ́yìn náà, mo rí ohun tó ń ṣe. Ọkùnrin mẹ́rin gbé arọ kan, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù. Máàkù ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn ló sọ̀rọ̀ fún arọ náà. A ò gbọ́ kí arọ yẹn sọ ọ̀rọ̀ kan. Bóyá ó nígbàgbọ́, bóyá kò ní, Máàkù kò sọ. Àwọn tó gbé e wá ló ní i, ó sì tó. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bẹ̀rù ọjọ́ tí ìgbàgbọ́ mi bá rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì lè gbé mi fún ìgbà díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló ń pe ara rẹ̀ ní ara kan fún?

Ọkọ mi kú. Ìdájí ni, ó ń sùn lọ́wọ́.

Wọ́n dé pẹ̀lú “Ọlọ́run mọ̀ jù”, mo sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó mọ̀ jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màtá àti Màríà ló wà lẹ́nu mi: Olúwa, ìbáṣe pé o wà níhìn-ín ni, kì bá tí kú. Nínú Jòhánù 11, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbólóhùn kan náà. Ó jọ pé wọ́n ti jọ ń sọ ọ́ nílé kí Jésù tó dé. Jòhánù kò sì fi pamọ́ pé Jésù gbọ́ pé Lásárù ń ṣàìsàn, ó sì tún dúró ọjọ́ méjì sí i níbi tó wà. Kò bá àwọn obìnrin náà wí nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ó mọ̀ pé òun máa jí Lásárù láìpẹ́, síbẹ̀ ó sunkún. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù tó ṣàlàyé ẹkún yẹn tó tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì wá a mọ́. Ó tó mi pé kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún torí pé ìyanu ń bọ̀.

Ti èmi, ìyanu náà kò dé ní ojú mi. Jòhánù Onítẹ̀bọmi náà kò rí tirẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ránṣẹ́ sí Jésù pé ṣé ìwọ lẹni tó ń bọ̀, àbí ká máa retí ẹlòmíràn. Jésù ní kí wọ́n lọ sọ fún un pé afọ́jú ń ríran, arọ ń rìn, adití ń gbọ́ràn, òkú ń jíǹde. Ẹ kíyè sí i: kò sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ń jáde, bẹ́ẹ̀ ó ti kà á sókè ní Násárẹ́tì nínú Lúùkù 4 pé òun wá kéde ìdáǹdè fún àwọn ìgbèkùn. Jòhánù kò jáde. Inú ẹ̀wọ̀n náà ni wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí. Lẹ́yìn tí àwọn ìránṣẹ́ Jòhánù ti lọ tán ni Jésù wá ń yìn ín fún ogunlọ́gọ̀ pé kò sí ẹni tí obìnrin bí tó tóbi jù ú lọ. Ká sọ tòótọ́, ó wù mí kó jẹ́ pé ó ti sọ ọ́ kí àwọn ìránṣẹ́ náà tó kúrò, kí Jòhánù lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn mí pé ohun tí Jésù ń sọ nípa ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n lè dára ju ohun tí ẹlẹ́wọ̀n náà ń gbọ́ lọ.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá Ọlọ́run ti padà. Mi ò ní ìjẹ́rìí tí wọ́n lè gbé makirofóònù fún mi sọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo bá ń gbàdúrà tí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù, nínú 2 Tímótì 4, sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ jẹ́jọ́, kò sẹ́ni tó dúró ti òun, gbogbo wọn ló kọ òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n Olúwa dúró ti òun ó sì fún òun lágbára. Kò sọ bó ṣe mọ̀. Èmi náà, bí mo bá bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọdún yẹn, mo lè sọ pé a kò wà níbẹ̀ ní àwa nìkan, mi ò sì lè sọ bí mo ṣe mọ̀.

Nílé ẹni tó ń jìyà báyìí, ẹnu mi kì í tètè yà. Mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ti sùn. Bí wọ́n bá ní kí n gbàdúrà, màá gbà á, á sì kúrú. Mo ti bẹ ìjọ wa pé kí wọ́n má ṣe yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò lórí ìwé àdúrà torí pé ó ti pẹ́, àfi bí onítọ̀hún bá ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n gbà. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí a máa ka àwọn orin ẹkún inú Orin Dáfídì sókè nínú ìsìn, nítorí bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwé náà ni ẹkún, a sì ń hùwà bíi pé kìkì ìjó ni. Lórí ìyẹn, ìgbìmọ̀ ṣì ń ro ó.

Láìpẹ́ yìí, ìyá ọmọ kan tí ọmọ rẹ̀ ti ń wọ ilé ìwòsàn jáde ọjọ́ ti pẹ́ bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá sọ fún Ọlọ́run pé Ó já mi kulẹ̀?” Mo ní kó lọ ka Orin Dáfídì 88, Hémánì ará Ésíráhì ló kọ ọ́, kó sì kà á sókè sí Ọlọ́run létí bó ṣe wà. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kà á. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ibẹ̀, òkùnkùn ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo ṣí i sí ojú ewé kejì, mo rò pé ó kù.”

“Kò kù.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, mo ti fẹ́ mú Bíbélì yìí padà fún ẹni tó tà á fún mi, pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ tán.”